Oko Wà Nínú Omi: Ojúṣe Wa sí Odò Patuxent àti sí Òkun

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ilé òrìṣà sọ ní Prince George's County, Maryland, nígbà ìmúrasílẹ̀ fún ọdún Yemọja

Ìbà Olódùmarè. Ìbà Yemọja, ìbà Olókun, ìbà Ọ̀ṣun. Ìbà àwọn àgbà wa tó ti lọ, àwọn tí a mọ orúkọ wọn, àti àwọn tí a kò mọ orúkọ wọn nítorí pé inú òkun ni wọ́n sùn sí. Ìbà àwọn ènìyàn Piscataway, tí wọ́n ti wà lórí ilẹ̀ yìí kí ẹnikẹ́ni nínú àwọn baba wa tó dé ibí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ jókòó sẹ́yìn, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ òní kàn jù.

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ nípa ẹbọ omi. N ó sọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà oko ni mo fẹ́ gbà dé ibẹ̀: oko ẹja, oko ẹran omi oníkarahun, oko koríko òkun. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Àwa tí a ń lọ tọrọ lọ́wọ́ omi lọ́dọọdún, ó yẹ kí a wà lára àwọn tó ń tọ́jú omi, tó ń gbin nǹkan sínú rẹ̀, tó sì ní ìpín nínú ohun tí ń tibẹ̀ jáde. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, alágbe lásán ni wá létí odò.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ara mi, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé òun ni mo wá bá wí. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, èmi ni mo di apẹ̀rẹ̀ tí a gbé lọ sétí omi. Mo fi èso sí i, mo fi òdòdó funfun sí i, mo da oyin lé e. Ṣùgbọ́n òdòdó náà wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi tà á fún mi. Okùn ike ni mo fi so apẹ̀rẹ̀ náà. Àbẹ́là méje wà nínú ife gíláàsì. A kọrin, a jó, omi gbé e lọ, inú gbogbo wa dùn. Ní ọjọ́ kejì, mo padà lọ síbẹ̀ láti wá fìlà ọmọ mi tó bọ́ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí apẹ̀rẹ̀ mi nínú esùsú, níbi tí omi bì í sí. Èso ti lọ, òdòdó ti lọ. Ọ̀rá ló kù, okùn ike ló kù, ife gíláàsì tó fọ́ ló kù. Èyí tí omi gbà, ó ti gbà á. Èyí tí kò gbà, ó dá a padà fún mi. N kò nílò ẹni tí yóò dá Ifá kí n tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò, mo gbé e lọ sílé, ojú sì tì mí.

Ẹnìkan lè bi mí pé, kí ló kan Prince George's County kan oko inú òkun? Ibo ni a ti rí òkun níbí? Òótọ́ ni, a kò rí òkun láti ojú fèrèsé wa. Ṣùgbọ́n omi yí wa ká. Odò Potomac wà ní ìwọ̀-oòrùn wa, odò Patuxent wà ní ìlà-oòrùn, odò Anacostia sì ń gba Bladensburg kọjá. Gbogbo wọn ló ń ṣàn lọ sínú Chesapeake Bay, níbi tí omi odò àti omi iyọ̀ ti ń pàdé. Chesapeake sì ṣí sínú òkun Àtìláńtíìkì. Òkun yẹn kan náà ló ń bì lu etíkun Èkó àti Àgbádárìgì. Òun náà ni wọ́n fi gbé àwọn baba ńlá wa wá.

Òjò tó bá rọ̀ sórí ibi ìgbọ́kọ̀sí ní Largo tàbí ní Landover kò dúró síbẹ̀. Ó ń fọ epo ọkọ̀, iyẹ̀pẹ̀, ìgbẹ́ ajá àti ajílẹ̀ orí koríko wọ inú gọ́tà. Gọ́tà ń gbé e fún odò kékeré, odò kékeré ń gbé e fún odò ńlá. Omi tí a fi wẹ̀ náà àti èyí tí a fi fọ ilé ìyàgbẹ́ ní ọ̀nà tiwọn. Èyí tó bá lọ sí ilé ìfọmi Western Branch ní Upper Marlboro, ọ̀nà Patuxent ló ń gbà lọ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fọ̀ ọ́ tán. Chesapeake kò sì jìn bí àwọn mìíràn ṣe rò. Bí a bá pín ìjìnlẹ̀ rẹ̀ dọ́gba, nǹkan bí 21 ẹsẹ̀ bàtà ni. Ó fẹ̀ bí àwo ni, kò jìn bí kànga. Ohun tí a bá dà sí i kì í pẹ́ hàn.

Ohun tó sì ń bà á jẹ́ jù lọ kì í ṣe májèlé. Ajílẹ̀ ni. Náítírójìn àti fọ́sífọ́ọ̀sì tó ń wá láti oko, láti àgbàlá wa, àti láti inú omi ìdọ̀tí máa ń mú kí ewéko omi wínníwínní hù ní àhùjù. Omi á dúdú, ìmọ́lẹ̀ kò ní dé ìsàlẹ̀, koríko ìsàlẹ̀ omi á kú. Nígbà tí ewéko wínníwínní náà bá kú, ó ń jẹrà, ìjẹrà rẹ̀ á sì gba ọ́síjìn tó wà nínú omi tán. Ẹja tó bá lè sá á sá. Ẹran oníkarahun tó lẹ̀ mọ́ ojú kan kò ní ibi tó máa sá lọ.

Ọkùnrin kan wà ní Calvert County, ní òdìkejì odò Patuxent, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Bernie Fowler. Aṣòfin ni nígbà ayé rẹ̀. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́dọ̀ọ́, òun lè dúró sínú odò Patuxent títí omi á fi dé àyà òun, kí òun ṣì máa rí ẹsẹ̀ òun nísàlẹ̀. Ní àwọn ọdún 1970, ó wà lára àwọn ará ìsàlẹ̀ odò tó gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́ nítorí ìdọ̀tí tó ń ṣàn wá láti òkè odò. Láti ọdún 1988, ó ń wọ bàtà funfun lọ́dọọdún, òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ á di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n á jọ rìn wọnú odò, títí kò fi ní rí bàtà náà mọ́. Wọ́n á wá wọn ibi tí omi dé lára rẹ̀. Ó kú ní ọdún 2021, kò sì rí i kí odò náà padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin ará mi, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Àwọn ará ìsàlẹ̀ odò ló lọ sílé ẹjọ́. Àwa ni ará òkè odò. Nígbà tí wọ́n ń sọ ibi tí ìdọ̀tí ti ń wá, county tiwa wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ jẹ́ kí a wá sórí ẹran tí mo fẹ́ kí a mọ̀, èyí tí à ń pè ní ọ́yísítà. Ìkarahun méjì ló pa pọ̀ bí àpò, ara rẹ̀ sì wà láàárín. Kò ní ojú, kò ní ẹsẹ̀. Omi ló ń fà wọlé, ó ń yọ ewéko wínníwínní inú rẹ̀ jẹ, ó sì ń tú omi náà jáde ní mímọ́. Bí ara rẹ̀ bá dá, tí omi sì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ọ́yísítà kan tó ti dàgbà lè fọ omi tó 50 gálọ́ọ̀nù lójúmọ́. Òkìtì ìkarahun wọn ni ẹja kéékèèké àti akàn ń fi ṣe ilé. Ohun mìíràn tún wà tí yóò yé ẹ̀yin olórìṣà ju bó ṣe yé ẹlòmíràn lọ: akọ ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn nígbà tí wọ́n ṣì kéré, bí wọ́n bá dàgbà tán, púpọ̀ nínú wọn á di abo. Ní Ilé-Ifẹ̀, obìnrin ni Olókun. Ní Bìní, ọkùnrin ni. Àwọn àgbà wa kò jà sí i. Ilé omi ní ọgbọ́n tirẹ̀.

Ìgbà kan wà tí ọ́yísítà pọ̀ nínú Chesapeake débi pé ọkọ̀ ń forí sọ òkìtì wọn. Ní Popes Creek, ní Charles County tó bá wa pààlà, àwọn ènìyàn àtijọ́ jẹ ọ́yísítà fún ìrandíran títí ìkarahun fi di òkè. Ní ọdún 1884 sí 1885, wọ́n kó nǹkan bí mílíọ̀nù 15 búṣẹ́ẹ̀lì jáde nínú omi Maryland nìkan. Irú ìkórè bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìkórè mọ́, ìkógun ni. Wọ́n kó ẹran, wọ́n kó ìkarahun tí ọmọ rẹ̀ ìbá lẹ̀ mọ́, wọn kò dá nǹkan kan padà. Lẹ́yìn náà ni àrùn dé. Ní ọdún 1949, wọ́n rí èyí tí wọ́n ń pè ní Dermo. Ní ọdún 1959, wọ́n rí MSX. Àrùn méjèèjì kì í ṣe ènìyàn ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n wọ́n pa ọ́yísítà ní ìpakúpa. Èyí tó ṣẹ́kù lónìí kò ju ìwọ̀nba kékeré lọ nínú èyí tó wà nígbà náà, ìkórè inú omi Maryland kì í sì í tó mílíọ̀nù búṣẹ́ẹ̀lì kan lọ́dún mọ́.

Ta ló wà nínú iṣẹ́ yẹn? Àwa ni. Ọkọ̀ ẹrú gba odò Patuxent wọlé ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Odò kan náà ni àwọn ẹrú fi sá lọ ní ọdún 1814, nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì dé Benedict. Àwọn kan nínú irú àwọn tó sá bẹ́ẹ̀ gbé ìbọn pẹ̀lú àwọn Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì jà ní Bladensburg ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn. Àwọn ènìyàn wa mọ omi ju àwọn olówó wọn lọ. Ìdí nìyẹn tí ìjọba Maryland fi ṣòfin ní ọdún 1836 pé ènìyàn dúdú kò gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀gá nínú ọkọ̀ omi tó bá ti tóbi tó èyí tí a ń forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa mọ òfin yẹn. Wọn kò fi ṣe òfin nítorí pé a kò lè wa ọkọ̀. Wọ́n ṣe é nítorí pé a mọ̀ ọ́n wà.

Lẹ́yìn tí ìdè já, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn dúdú wọ inú omi. Wọ́n ń fi ẹ̀mú ọlọ́pàá gígùn fa ọ́yísítà sókè nínú òtútù. Àwọn obìnrin wa dúró sí ilé ìtú-ọ́yísítà ní Crisfield, ní Cambridge, ní Baltimore, wọ́n ń fi ọ̀bẹ la ìkarahun, wọ́n ń kọrin. Ní St. Michaels, ní ọdún 1902, àwọn ènìyàn dúdú méjì, William Coulbourne àti Frederick Jewett, dá ilé iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀ tó ń di ẹran omi tà. Jewett yìí ló ṣe ètò pípín ẹran akàn sí ìsọ̀rí-ìsọ̀rí tí ọjà ṣì ń lò. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ́yísítà tán, iṣẹ́ tán. Àwọn ọmọ wọn lọ sí ìlú ńlá, ọ̀pọ̀ nínú wọn wá di ará Washington àti Prince George's. Lónìí, àwọn ènìyàn dúdú tó ṣì ń jẹun láti inú omi Chesapeake kò pọ̀ mọ́ rárá. Nígbà tí mo sọ pé a di alágbe létí odò, ohun tí mo ní lọ́kàn nìyẹn.

Wàyí o, nǹkan ti ń yí padà. Kí ọdún 2009 tó dé, òfin Maryland há ọ̀nà mọ́ ẹni tó bá fẹ́ dá oko ọ́yísítà. Ní àwọn county kan, kò ṣeé ṣe rárá. Ní ọdún yẹn ni wọ́n ṣí i. Ní ọdún 2010, wọ́n fi nǹkan bí ìdá mẹ́rin kan nínú ibùgbé ọ́yísítà tó kù pamọ́, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kórè níbẹ̀. Lẹ́yìn òfin yẹn, ènìyàn lè lọ bá ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó ohun àlùmọ́ọ́nì, kí wọ́n yá a ní ilẹ̀ abẹ́ omi, kí ó sì máa sin ọ́yísítà tirẹ̀ níbẹ̀. Bí ó bá gba ilẹ̀ náà tí kò lò ó, wọ́n lè gbà á padà.

Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyí. Ní Horn Point, lẹ́bàá Cambridge, yunifásítì Maryland ní ibi ńlá kan tí wọ́n ti ń pọ̀ ọ́yísítà. Wọ́n á mú omi lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí akọ àti abo lè tú nǹkan ọmọ sínú rẹ̀. Ọmọ wọn á lúwẹ̀ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, lẹ́yìn náà ó gbọ́dọ̀ rí ohun líle lẹ̀ mọ́, bí kò bá rí, ó kú. Kò sì sí ohun tó fẹ́ràn bí ìkarahun ọ́yísítà tó ti kú. Ara òkú ni ọmọ tuntun ń lẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ egúngún, ẹ kò nílò kí n ṣàlàyé ìyẹn fún yín.

Àgbẹ̀ lè tú ìkarahun tí ọmọ ti lẹ̀ mọ́ sí ìsàlẹ̀ omi, tàbí kí ó tọ́ wọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan nínú àgò onírin tí omi ń gbà kọjá. Bí ó bá jẹ́ ti àgò, ó gbọ́dọ̀ máa gbé e sókè, kí ó máa mì í, kí ó máa fọ ìdọ̀tí ara rẹ̀. Ó tó nǹkan bí ọdún méjì sí mẹ́ta kí wọ́n tó gùn tó íǹṣì mẹ́ta tí ọjà ń fẹ́. Kò sí oúnjẹ tó ń rà fún wọn. Kò sí ajílẹ̀. Omi ló ń bọ́ wọn, àwọn náà sì ń fọ omi. Nínú gbogbo ohun ọ̀sìn tí mo mọ̀, mi ò rí irú rẹ̀ mọ́.

Ní ọdún 2020, Imani Black, ọmọbìnrin dúdú kan láti Maryland tó ti ṣiṣẹ́ nínú oko ọ́yísítà, wo ọ̀tún wo òsì, kò rí ẹni tó jọ ọ́ nídìí iṣẹ́ náà. Ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ Minorities in Aquaculture, láti la ọ̀nà fún àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú àti àwọn mìíràn tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin ilé yìí mọ orúkọ yẹn bí wọ́n ṣe mọ orúkọ àwọn olórin.

Kì í ṣe Maryland nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Àjọ FAO sọ pé ní ọdún 2022, fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹran omi tí ènìyàn sìn pọ̀ ju èyí tí wọ́n pa nínú igbó omi lọ. Ó lé ní mílíọ̀nù 94 tọ́ọ̀nù. Ayé ti di àgbẹ̀ inú omi, yálà a fẹ́ tàbí a kọ̀. Ohun tó kù láti bèèrè ni ta ni yóò ni oko náà.

Ẹ wo àwọn ìyá wa ní Gáḿbíà. Níbẹ̀, ara gbòǹgbò igi ẹ̀gbà etí omi ni ọ́yísítà ń lẹ̀ mọ́, obìnrin ló sì ń kó o. Ní ọdún 2007, wọ́n dá ẹgbẹ́ TRY sílẹ̀. Wọ́n fi ẹnu kò láti fi kún oṣù tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kórè, wọ́n ń gbin igi etí omi padà, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn pa òfin náà mọ́. Ní ọdún 2012, ìjọba fún wọn ní àṣẹ lórí ọ́yísítà àti ẹran oníkarahun agbègbè Tanbi, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Equator Prize ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ní Zanzibar, láti ìparí àwọn ọdún 1980, obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń so koríko òkun mọ́ okùn lórí iyanrìn, tí wọ́n ń kó o tà fún àwọn tó ń fi í ṣe èròjà oúnjẹ àti ìpara. Owó tó jẹ́ tiwọn ni. Ṣùgbọ́n omi òkun ti ń gbóná jù, koríko náà ń kú létí bèbè, àwọn obìnrin náà sì ní láti máa wá omi jíjìn lọ. Ẹni tó bá dá oko sínú omi yóò kọ́kọ́ mọ̀ nígbà tí ayé bá ń gbóná.

N kò ní tan yín pé gbogbo oko inú òkun ló dára. Oko ẹja salmon kò rí bí ti ọ́yísítà. Ẹja ni wọ́n ń lọ̀ fún ẹja jẹ, ìgbẹ́ wọn ń kó jọ sí ojú kan, kòkòrò sì ń ràn láti ara wọn dé ara ẹja odò. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, àgò irú oko bẹ́ẹ̀ kan wó ní ìpínlẹ̀ Washington, ẹja àjèjì tó lé ní 200,000 sì tú sínú omi. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìpínlẹ̀ náà ṣòfin láti fòpin sí sísin ẹja àjèjì bẹ́ẹ̀ nínú òkun rẹ̀. Nítorí náà, ìbéèrè tí mo ń bi oko omi èyíkéyìí ni pé, kí ló ń gbà lọ́wọ́ omi, kí ló sì ń fún un?

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ láàárín wa, ìyá wa àgbà kan pè mí sí kọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ilé Olókun ni ibẹ̀. Ṣé a máa ń lọ fi ọgbà yí ilé onílé ká ni?" Mo dọ̀bálẹ̀ fún wọn, mo sì ti ń ro ọ̀rọ̀ náà láti ìgbà yẹn, nítorí òtítọ́ wà nínú rẹ̀. Àwọn tó kó mílíọ̀nù 15 búṣẹ́ẹ̀lì náà kò bèèrè lọ́wọ́ onílé. Ìdáhùn tí mo rí ni pé ilẹ̀ pẹ̀lú ní onílé, síbẹ̀ àwọn baba wa dáko. Kí wọ́n tó ki ọkọ́ bọlẹ̀, wọ́n tọrọ àyè. Lẹ́yìn ìkórè, wọ́n mú nínú iṣu tuntun lọ fún ẹni tó ni ín. Wọ́n sì fi ilẹ̀ sílẹ̀ kí ó sinmi. Ẹ̀kọ́ tí a kọ́ lórí ilẹ̀ nìyẹn, kò yẹ kí a gbàgbé rẹ̀ nígbà tí a bá dé etí omi. Ìyá wa gbọ́, wọ́n mi orí. Wọ́n ní, "Ó dáa, ṣùgbọ́n kí ẹ tọrọ o."

Bí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìpẹ̀kun Prince George's, lẹ́bàá Aquasco, ẹ ó rí ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Eagle Harbor. Àwọn ènìyàn dúdú Washington ló dá a sílẹ̀ létí Patuxent ní àwọn ọdún 1920, nígbà tí wọn kò jẹ́ kí wọ́n dé etí omi àwọn aláwọ̀ funfun. Ní ọdún 1929, ó di ìlú lábẹ́ òfin. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbatẹ́gùn, tí wọ́n ń pẹja, tí wọ́n ń kọ́ ọmọ ní ìlúwẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ iná mànàmáná Chalk Point sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 2000, ọ̀pá tó ń gbé epo lọ síbẹ̀ bẹ́. Epo tó lé ní 120,000 gálọ́ọ̀nù tú sínú irà Swanson Creek, ó sì wọ Patuxent. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun tí epo ṣe fún àwọn apẹja Ìlàjẹ àti àwọn ará Niger Delta, ẹ mọ bí etí omi ṣe máa ń rí lẹ́yìn irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ènìyàn wa wà níbi tí omi ti bàjẹ́, wọn kì í sì í sí níbi tí a ti ń ṣe ìpinnu nípa rẹ̀. Ìyẹn ni mo fẹ́ kí ó yí padà.

Kí ni a lè ṣe? Omi Eagle Harbor kò ní iyọ̀ tó kí ọ́yísítà lè gbilẹ̀ níbẹ̀, a kò sì ní èbúté tiwa. Ṣùgbọ́n ohun mẹ́rin wà ní ìkáwọ́ wa.

Àkọ́kọ́ ni ẹbọ wa. Láti ọdún yìí lọ, mo bẹ ilé pé kí ohunkóhun tí kò bá lè jẹrà má ṣe wọ odò mọ́. Kò sí ọ̀rá, kò sí okùn ike, kò sí ife gíláàsì, kò sí òdòdó oníke. A lè tan àbẹ́là lórí ilẹ̀, kí a sì gbé e padà sílé. Èso náà, kí ó mọ níwọ̀n. Bí a bá ti parí orin, kí àwọn ọ̀dọ́ mú àpò, kí a ṣa etí odò mọ́, tiwa àti ti ẹlòmíràn. Ìṣamọ́ náà wà lára ẹbọ.

Ìkejì ni ìkarahun. Nígbàkúgbà tí a bá sun ọ́yísítà ní ayẹyẹ, àpò ìdọ̀tí ni à ń kó ìkarahun rẹ̀ sí. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń tún omi ṣe ń wá ìkarahun kiri. Ẹgbẹ́ Oyster Recovery Partnership ti ń gbà á láti ọdún 2010. Wọ́n á sá a sóòrùn fún ìgbà pípẹ́ kí àrùn inú rẹ̀ lè kú, lẹ́yìn náà á di ibùsùn ọmọ tuntun. Kí a ní garawa kan fún un ní ilé ìdáná. Mo sì fẹ́ rán àwọn àgbàlagbà àti ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò dá létí pé kí wọ́n má jẹ ọ́yísítà ní tútù, pàápàá nígbà ooru. Kí wọ́n sè é jinná.

Ìkẹta ni òjò orí òrùlé wa. Ìjọba county ní ètò tó ń dá owó padà fún ẹni tó bá gbin igi, tó gbé àgbá omi òjò sílẹ̀, tàbí tó ṣe ọgbà tó ń mu omi. Ètò wà fún ilé ìjọsìn pẹ̀lú. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì tó yí wa ká ti wà nínú rẹ̀. Kí ló dé tí ilé òrìṣà, tó ń pe omi ní ìyá, yóò wà lẹ́yìn wọn?

Ìkẹrin ni àwọn ọmọ wa. Láti ọdún 2008, ètò Marylanders Grow Oysters ti ń fún àwọn tó ní èbúté ní àgò, kí wọ́n máa tọ́ ọmọ ọ́yísítà láti ìgbà ìwọ́wé títí di ìbẹ̀rẹ̀ ooru, kí wọ́n sì lọ tú wọn sí ibi tí a kò ti ń kórè. A kì í jẹ wọ́n, omi ni a tọ́ wọn fún. A lè bẹ ọ̀rẹ́ tó ní èbúté ní ìsàlẹ̀ odò kí ọmọ wa máa lọ mi àgò. Ní Bladensburg níbí, ẹgbẹ́ Anacostia Watershed Society ń tọ́ ẹran oníkarahun omi dídùn fún iṣẹ́ kan náà, kò sì jìnnà sí wa. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá fà sí i, kí ó kọ́ iṣẹ́ náà dé ìdí, kí ó lọ bèèrè ilẹ̀ abẹ́ omi. Ilé iṣẹ́ MARBIDCO máa ń yá àgbẹ̀ lówó, títí kan àgbẹ̀ ọ́yísítà. Kí ẹgbẹ́ àjọ wa dá èsúsú kan sílẹ̀ fún ọmọ àkọ́kọ́ tó bá múra tán. Ilẹ̀ etí omi ti bọ́ lọ́wọ́ wa tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ abẹ́ omi ni wọ́n ń pín lọ́wọ́ báyìí.

Ọ́yísítà nìkan kò lè fọ Chesapeake mọ́. Bí ìdọ̀tí bá ṣì ń ṣàn láti òkè, a kàn ń fi ọmọ sínú èéfín ni. Ìdí nìyẹn tí ohun mẹ́rin yìí fi gbọ́dọ̀ rìn pọ̀.

Ní ọjọ́ ọdún, a ó wọ aṣọ funfun bí a ti máa ń ṣe. Kí a tó gbé apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, mo fẹ́ kí ẹni tó ń ṣáájú wa rìn wọnú omi, kí ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ó sì sọ fún gbogbo wa ibi tí omi dé kí ó tó di pé kò rí i mọ́. A ó kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìwé ilé. Ní ọdún tó ń bọ̀, a ó tún wò ó. Kí Yemọja jẹ́ kí a rí ọmọ tọ́, kí ó jẹ́ kí a rí ẹsẹ̀ wa.

Àṣẹ.